Oúnjẹ Tí Wọ́n Ní Ó Pa Màmá Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo àṣìṣe mi. Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí màmá mi ti kú, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Mi ò sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ gbé ìyàwó míràn, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ìdána. Ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́, tó lé jáde nílé, èmi ni mo fà á tó fi lé e. Kò mọ̀.

Lómè ní Tógò ni wọ́n bí wa sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní àdúgbò Nyékonakpoè ni èmi àti Màmá ń gbé, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ń wa tírélà, ó ń kó ẹrù lọ sí apá àríwá orílẹ̀-èdè, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Èmi fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí kankan, mo sì kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ju mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nítorí pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mí, kì í pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló ń pè mí, ó sì máa ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà ń pè é ní Ìyá Ayọ̀, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà. Kò sí ìjà kankan láàárín wa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Màmá ń ta abọ́ tánganran lọ́jà ńlá. Ó sanra gan-an, ó sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Tó bá jókòó ti ọjà rẹ̀, ẹni tó ń kọjá á mọ̀ pé olówó ló jókòó. Nígbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, orí ń fọ́ ọ, èémí rẹ̀ sì ń ga tó bá rìn díẹ̀. Ìyá Ayọ̀ ló mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní kó dín iyọ̀ àti epo kù, kó jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó má jẹ oúnjẹ wúwo lálẹ́, kó sì máa rìn láràárọ̀. Ó ní tí ara rẹ̀ bá fúyẹ́, àlàáfíà á dé.

Ìyá Ayọ̀ ò fi ọ̀rọ̀ dókítà ṣeré. Ó ń yan ẹja dípò kó dín in. Ó ń se gbọma, ẹ̀fọ́ kan tí à ń jẹ níbí, pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, epo ibẹ̀ ò ju kó kàn fi kùn ún lójú lọ. Ó gé àkàṣù Màmá sí ìdajì. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ ohun kan náà, kó má baà dà bíi pé ó ń fìyà jẹ Màmá. Èmi ló ní kí n máa bá Màmá rìn, nítorí pé sójà pọ̀ níta lásìkò yẹn, kò dára kí obìnrin nìkan máa rìn ní kùtùkùtù.

Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú wọn dé etí òkun, kí ẹ rọra máa rìn. Tí wọ́n bá ní ó ti rẹ àwọn, ẹ máa fi ìtàn tàn wọ́n lọ."

Mo ṣe é. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró. Kò hanrun mọ́. Bùbá rẹ̀ ń ṣò lára rẹ̀, èmi ni mo sì rán wọn wọlé. Ìyá Ayọ̀ wò ó nínú bùbá náà, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ti di ọmọge. Ọkọ á tún máa wá yín wá o."

Màmá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọjà, wọn ò bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló dé tó ń rù. Wọ́n bi í bóyá ọjà ò tà. Ẹnìkan bi í bóyá ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni kò fún un lóúnjẹ. Ó padà wálé, ó lọ dùbúlẹ̀.

Láìpẹ́ sí i, àwọn sójà dí ojú títì etí òkun láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí a padà. Ọ̀nà tí a gbà padà gba iwájú obìnrin kan tó ń dín bòtókóìn, ohun tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Tántì ni gbogbo wa ń pè é. Màmá ní kí òun sinmi lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó ní, "Mo jókòó ni, mi ò jẹun. Ṣé òórùn náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni?"

Nígbà tó yá ó ní kí Tántì bu díẹ̀ wá. Ó ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ mí di ewúrẹ́. Ewé láàárọ̀, ewé lálẹ́. Ó kù kó so mí mọ́ igi." Tántì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá fi ọ̀kan sí mi lọ́wọ́, mo sì jẹ ẹ́.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ míràn ni pé ìrìn náà ti sú mi, oorun máa ń kùn mí, bòtókóìn náà sì dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí sójà ṣí ọ̀nà, a ò lọ sí etí òkun mọ́. Bẹ́ǹṣì Tántì ni à ń lọ láràárọ̀. Màmá ń jẹ bòtókóìn, ó ń mu ògì tí wọ́n da ṣúgà sí dáadáa. Tí a bá ti ṣe tán, a ó yà sí ibi tí iyanrìn wà, a ó fi pa ẹsẹ̀. Màmá á wọ́n omi sójú àti sọ́rùn, kó lè dà bíi pé ó làágùn.

Tí a bá délé, Ìyá Ayọ̀ á ti gbé omi tútù dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ó rẹ̀ yín?"

Màmá á ní, "Ó rẹ̀ mí o, ọmọ mi."

Ara Màmá padà. Bùbá ń fún un. Mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo tú gbogbo ojú rírán tí mo ti rán wọlé, mo tún un rán síta, kí Ìyá Ayọ̀ má baà fura. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà yẹn. Orúnkún Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìyá Ayọ̀ rò pé oúnjẹ òun ni kò tíì dára tó, ó bá tún dín iyọ̀ kù sí i. Mo ń wò ó níbi ìdáná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí Màmá ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó fẹ́ bá Tántì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bòtókóìn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dì í mú kó má ṣubú. Tántì sáré dá takisí dúró. Kí a tó gbé Màmá wọlé sínú takisí náà, mo fi etí aṣọ mi nu ṣúgà àti òróró kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò láti ṣe nìyẹn. Màmá mi ń kú lọ, èmi ń nu ẹnu rẹ̀ kí wọ́n má baà mọ̀.

Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí a ti ń rìn. Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú lọ́sibítù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí jókòó. Àbúrò Màmá, tí a ń pè ní Màmá Kékeré, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní gbogbo ọjà ló rí bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe rù nígbà kan. Ó ní ìyàwó ilé yìí ló fi ebi pa á. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. "Ìwọ tí ẹ jọ ń gbé, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun yó nínú ilé yìí?"

Mo ní, "Oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn kò pọ̀."

Kì í ṣe irọ́. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ayọ̀ wò mí. Ó rò pé mo máa ràn án lọ́wọ́. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé dókítà ló ní bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń rìn láràárọ̀, pé ara wọn ti ń le."

Mo ní, "A ń rìn."

Màmá Kékeré pariwo. "Ẹ gbọ́ o. Kò fún un lóúnjẹ, ó tún ń lé e jáde rìn láàárọ̀. Ohun tí wọn kì í ṣe fún ẹrú." Ẹ̀gbọ́n mi dorí kodò. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti ní kí Ìyá Ayọ̀ kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá Kékeré ló wá ń tọ́ wọn báyìí. Láìpẹ́ yìí, Ayọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Tọ́ńtọ́n, ìyẹn àbúrò bàbá, ló ń pè mí. Ó ní, "Tọ́ńtọ́n, ṣé lóòótọ́ ni màmá mi fi ebi pa Màmá àgbà?" Mo ní kó lọ ṣeré. Kò ṣeré. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ṣa àkísà tó já bọ́ sílẹ̀.

Ìyẹn ló mú mi lọ sí àdúgbò Akodessewa, níbi tí Ìyá Ayọ̀ háyà yàrá kan sí. Mo lọ láti jẹ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó bu omi fún mi. Ó béèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin ni ẹ wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi. Níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé iyọ̀ ni mo dín jù ni, àbí ìrìn ló pọ̀ jù?"

Òun náà ti gbà pé òun ló pa á.

Mo mu omi rẹ̀ tán, mo dúpẹ́, mo sì jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ ọ́, gbogbo ẹbí á gbọ́ pé Màmá tí à ń yìn ń purọ́ lójoojúmọ́, kò sì sí láyé mọ́ láti gbèjà ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lè lé èmi náà jáde. Ìyẹn tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ta ni kí n kọ́kọ́ bá, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni àbí Ìyá Ayọ̀? Ọjọ́ ìdána ò jìnnà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ìyá Ayọ̀, tí ẹ bá rí ojú ewé yìí kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò ṣì í níbì kankan. Oúnjẹ yín dára. Èmi ni mi ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lára Màmá.