Mo Sunkún, Ọmọ Ọmọ Mi Pàtẹ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá mọ̀ mí ní àdúgbò wa ní Súrùlérè yóò ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ohunkóhun, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà mi. Láìpẹ́ yìí, mo jókòó sí pálọ̀ ilé mi ní ọ̀sán gangan, mo ń sunkún. Kì í ṣe ẹkún kékeré o. Omijé ń bọ́, imú ń ṣàn, èjìká mi méjèèjì ń mì. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, Àníkẹ́, ọmọ ọdún méje, dúró síwájú mi, ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́ láti òkè délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Bàbá, eléyìí dùn gan-an! Ẹ tún un ṣe!" Ṣé ẹ gbọ́? Àgbàlagbà ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n ní kó tún un ṣe! Ta ni màá fẹjọ́ sùn? Ta ló kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀? Èmi náà ni.

Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ń jókòó sísàlẹ̀ adájọ́, tó ń pe ẹjọ́, tó ń ní kí ẹlẹ́rìí gbé Bíbélì tàbí Kùránì sókè, èmi nìyẹn. Nídìí iṣẹ́ yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkọ á máa ṣàlàyé bí ìyàwó òun ṣe fi ìkòkò ẹ̀wà lu òun lórí, ìyàwó á ní irọ́ ni, ìkòkò ìrẹsì ni, èmi á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Bí ojú mi ṣe gan síbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, mo rí i pé ojú tó gan wúlò. Ohunkóhun tí mo bá fi sọ, àwọn èèyàn ń gbà á gbọ́. Mo ti sọ fún akọ̀wé tuntun kan rí pé adájọ́ wa ò fẹ́ gbọ́ ìró bàtà rárá, ọmọ ọlọ́mọ sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú kóòtù títí adájọ́ fi bi í bóyá ó ní ẹ̀jẹ́ tó ń san. Ọjọ́ tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ, ó ní kí n ṣe sùúrù, òun máa kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá àwàdà ni.

Ṣọlá ọmọ wa, ìyá Àníkẹ́, nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù Ìdí-Àràbà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́tákọ́ọ̀tù. Nítorí iṣẹ́ alẹ́ àti iṣẹ́ àárọ̀ tí kò jẹ́ kí Ṣọlá mọ ìgbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ èmi àti ìyàwó mi ni ọmọ náà máa ń wà láti ọjọ́ Ajé títí di òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò ní adájọ́ mọ́, mi ò ní ẹlẹ́jọ́. Ọmọ yìí nìkan ló kù tí mo lè kéde nǹkan fún. Lọ́jọ́ kan mo pè é, mo lejú, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, "Àníkẹ́, fíríìjì wa ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òtútù ń mú òun." Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sáré lọ dì mọ́ fíríìjì. Ìyá rẹ̀ àgbà ló gbà á sílẹ̀. Ó ní, "Má dá wọn lóhùn jàre. Tó o bá ti rí i tí bàbá ẹ fajú ro báyìí, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe." Àníkẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbàgbé ẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fa ojú pọ̀ báyìí, kí n tó la ẹnu, ọmọ ti ń yí nílẹ̀. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń dùn tó, kí ọmọ ọdún méje gbà pé ìwọ lo pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù láyé? Mo jẹ adùn yẹn. Mo jẹ ẹ́ yó. Mi ò béèrè ibi tí ọmọ náà ń gbé ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ.

Ilé ìwé ló ń gbé e lọ. Tíṣà rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè wá. Ráfíátù, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ọmọ wa ní, ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, orúnkún rẹ̀ bó, ó ń ké. Àníkẹ́ dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà bínú, ó bá a wí, Àníkẹ́ tún di ikùn mú. Láti ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ń pè é ní ìkà. Ráfíátù gbé báàgì ẹ̀ lọ sí bẹ́ǹṣì mìíràn. Nígbà tí Àníkẹ́ délé lọ́jọ́ náà, kò jẹun. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí Ráfíátù fi ń bínú sí mi? Mo mà bá a rẹ́rìn-ín." Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n kí ni mo ṣe? Mo ní ìjà ọmọdé ni, kò ní pẹ́ parí. Àníkẹ́ wo ojú tí mo fi sọ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín.

Àkókò yẹn ni àwọn olùwádìí wá sí ilé ìwé náà. Ọ̀dọ́bìnrin méjì láti yunifásítì ni wọ́n. Èyí àgbà nínú wọn ṣàlàyé fún àwa òbí pé àwọn fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ara wọn àti nínú ẹlòmíì: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan ń bínú, pé ẹ̀rù ń ba ẹnì kan, pé ó ń wu ẹnì kan kí wọ́n jọ ṣeré, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí nǹkan báyìí bá ṣòro fún. Ó ní kí ọkàn wa balẹ̀, àwọn ò wá aláìsàn wá. Bàbá kan lẹ́yìn mi ní, "Ní ìgbà tiwa, pàṣán ni wọ́n fi ń wádìí inú ọmọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àyàfi èmi, nítorí ojú mi. Ṣọlá gbà kí ọmọ rẹ̀ kópa, ṣùgbọ́n ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìwádìí náà, èmi ni mo bá ọmọ lọ. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn, kí n má sọ̀rọ̀. Jíjókòó láìsọ̀rọ̀, ṣebí iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi darúgbó nìyẹn.

Wọ́n gbé àwòrán ojú èèyàn síwájú Àníkẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi í bí nǹkan ṣe rí lára ẹni tó wà nínú ẹ̀. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín. "Inú ẹ̀ ń dùn." Ó gbà á. Ọmọdékùnrin kan ranjú, ó la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà á." Ó tún gbà á. Èmi ti ń ṣe fáàrí níbi tí mo jókòó sí. Wọ́n wá gbé àwòrán ọkùnrin kan tó fajú ro jáde. Àníkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń ṣàwàdà." Ọmọ tí inú ń bí, tó fa ojú pọ̀ ńkọ́? "Òun náà ń ṣàwàdà." Obìnrin tí omijé wà lójú ẹ̀ ńkọ́? Ọmọ mi ronú díẹ̀. "Àwàdà tiẹ̀ pọ̀ o. Kò tíì parí ni." Ọ̀dọ́bìnrin náà rọra bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Àníkẹ́ yíjú padà, ó nawọ́ sí mi tayọ̀tayọ̀: "Bí Bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn!" Àwọn méjèèjì wò mí. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú ọkùnrin inú àwòrán náà gẹ́lẹ́ ló wà lórí mi.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, èyí àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má bínú o, Dádì. Ṣé ẹ máa ń ṣàwàdà nílé ni?"

"Mi ò ṣàwàdà rí láyé mi."

Ó wo ojú mi dáadáa. "Ẹ ṣé, Dádì. Ẹ ti dáhùn."

Ó ní kò sí ohun tó ṣe ọmọ wa. Ojú tí ọmọ bá ń rí nílé ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ inú èèyàn, Àníkẹ́ sì ti kọ́ tèmi dójú àmì, nítorí ó fẹ́ràn mi. Ó ní kì í ṣe pé kí n jáwọ́ nínú àwàdà, ṣùgbọ́n tó bá parí, kí n sọ fún un pé ó parí. Tí inú mi bá bàjẹ́, kí n fi ẹnu mi sọ pé inú mi bàjẹ́. Kí n má fi sílẹ̀ fún ọmọ láti máa méfò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò tọ́pẹ́, àmọ́ mo rí i pé kò dá a lójú bóyá mo dúpẹ́ lóòótọ́.

A délé. Mo pe Àníkẹ́, mo ní kó jókòó. "Àníkẹ́, inú mi bàjẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwọ àti Ráfíátù." Ọmọ ṣubú kúrò lórí àga. Mo ní òótọ́ ni mò ń sọ. Ó ń lọ́ mọ́lẹ̀. Mo búra. Ìbúra yẹn ló wá pa á lẹ́rìn-ín jù! Ìyàwó mi fà mí lọ síwájú dígí. "Bàbá Ṣọlá, ẹ ṣe ojú ìbànújẹ́ kí n rí i." Mo ṣe é. "Ojú ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé nìyẹn. Ẹ ṣe ojú ìfẹ́." Mo ṣe ìyẹn náà. Ìyàwó mi mí kanlẹ̀. "Olúwa, ojú yìí ni mo sì fẹ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí wọ́n fi pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọ̀rẹ́ mi, Bàbá Wálé, tó ń ta gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, tí a ti jọ wà láti ìgbà tí a ò tíì láya, tó máa ń wá ta ayò nílé mi, ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló pè mí. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti lọ." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹkún tí mi ò sun nínú kóòtù, tí mi ò sun nílé, gbogbo ẹ̀ ló tú jáde. Àníkẹ́ sì pàtẹ́wọ́. Inú fẹ́ bí mi, ṣùgbọ́n ta ni kí n bínú sí? Ó pàtẹ́wọ́ tán, ó dúró de ibi tí àwàdà náà máa parí sí. Kò parí. Ó ní, "Bàbá, ó ti tó." Kò tó. Ẹ̀rín ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo wá rántí ohun tí olùwádìí yẹn sọ. Mo ní, "Àníkẹ́, òótọ́ leléyìí. Bàbá Wálé ti kú. Inú mi bàjẹ́ gan-an."

"Bàbá Wálé tó máa ń fún mi ní bísíkíìtì?"

"Òun."

Ó na ìka kan, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó tọ́ ọ wò. "Ó níyọ̀," ó ní. Ó gun orí ẹsẹ̀ mi, ó fi orí rọ̀ mọ́ mi láyà, òun náà ń sunkún, ó sun ún ju tèmi lọ, tó fi jẹ́ pé èmi tí mò ń ṣọ̀fọ̀ ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Láàárín ẹkún náà ló gbé orí sókè.

"Bàbá, ọjọ́ tí Ráfíátù ṣubú, ṣé òótọ́ nìyẹn náà?"

"Òótọ́ ni, ọmọ mi."

"Mo mà rẹ́rìn-ín."

"Mo mọ̀."

"Yéè!"

Tíṣà ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní lọ́jọ́ kejì, Àníkẹ́ lọ dúró síwájú Ráfíátù, ó ní òun ò mọ̀ pé ó ń dùn ún ni, kó má bínú. Ráfíátù ní, "Ó ti san tipẹ́," ó sì gbé báàgì ẹ̀ padà. Wọ́n tún ti di ọ̀rẹ́. Àmọ́ ní báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá fajú ro nínú kíláàsì yẹn, ọmọ mi á lọ bá a, á ní, "Ṣé àwàdà ni àbí òótọ́?" Ó ti bi tíṣà. Ó ti bi ọ̀gá ilé ìwé pátápátá níbi tí ọ̀gá ti ń bínú, ọ̀gá sì ní òun ò mọ̀ mọ́.

Èmi wá pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo jáwọ́ nínú àwàdà. Mi ò kéde nǹkan kan mọ́. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ló jinná, mo ní oúnjẹ ti jinná. Ilé wa wá dákẹ́ bíi kóòtù lọ́jọ́ Àìkú. Mo rò pé ìyẹn ni ìtọ́jú ọmọ. Àfi bó ṣe di àná, tí Àníkẹ́ wá jókòó tì mí, tó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe fún yín?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ ò bá mi ṣeré mọ́. Ṣé ẹ ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo gbá a mú léjìká méjèèjì, mo ní, "Mo fẹ́ràn rẹ ju gbogbo nǹkan tí mo ní láyé lọ." Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ìyá rẹ̀ rí, mo sọ ọ́ fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí ojú mi, apá kan ń rẹ́rìn-ín, apá kan ń gbọ̀n, omi ń kó jọ lójú mi. Àníkẹ́ sún mọ́ mi, ó yẹ ojú náà wò láti iwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀gbẹ́, kò pàtẹ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó ní, "Bàbá, èwo wá nìyẹn?"

Mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Mo sọ fún un pé kó fún mi láyè, màá bi àwọn èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ rí, ẹ̀yin tí ojú yín kò gan bíi tèmi, ẹ̀yin ni mo ń bi. Kí ni kí n sọ fún un? Ẹ dákun, ẹ tètè fèsì. Ọmọ náà ṣì ń wò mí lójú.