Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Tí A Tì De Àlejò

Alága ìjókòó yìí, Bàbá Ògúnbáyọ̀, mo kúnlẹ̀ kí yín. Pásítọ̀ Àyàndélé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o, sà. Alhaja Halimah, ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin tí sùpàgẹ́tì yín dùn jù ní gbogbo Ìwó, ẹ ó pẹ́ fún wa. Nọ́ọ̀sì Agnes, ọ̀gá mi ní ilé ìwòsàn, mo júbà. Bàbá Ọlábánjí, alábòójútó ọjà, ẹ má fara pamọ́ o, mo rí yín. Ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ọlọ́kadà tí ẹ gbé mi dé Ilé-Ogbó àti Olúpọ̀nnà nínú òjò, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín.

Ọ̀la ni mo ń padà sí òkè òkun tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọmọ Adédìpẹ̀ ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo ń pe àgbà ní "ìwọ". Ẹ kò lé mi. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ tọ́ mi sọ́nà. Ta ló ń ṣe irú ìyẹn fún ọmọ tí kò mọ àárọ̀ kí?

Iṣẹ́ lílé aràn kúrò lára ọmọdé ló gbé mi wá. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo ya àwòrán aràn gbọọrọ, funfun báláú, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ògiri wo? Ti ìsọ̀ Alhaja, lẹ́bàá ìkòkò sùpàgẹ́tì! Ẹnikẹ́ni kò ra sùpàgẹ́tì lọ́jọ́ náà. Alhaja ní, "Ọmọ Adédìpẹ̀, ṣé aràn lo wá lé ni, àbí oníbàárà mi?" Ẹ dárí jì mí, mà.

Fífọ ọwọ́ kí a tó jẹun, fífọ èso kí a tó gé e jẹ, ẹ ti gba ìyẹn. Nọ́ọ̀sì Agnes ló ṣe é. Wọ́n lè fi ẹ̀rín fún ọmọ ní oògùn títí ọmọ yóò fi tún nawọ́ béèrè sí i. Àmọ́ ẹ̀yin ará mi, ẹ mọ nǹkan tọ́jú jù! Ìyá á ra bàtà tuntun, ọmọ á fi bàtà sínú báàgì, á fẹsẹ̀ lásán rìn dé ilé ìwé, kí bàtà má baà gbó. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn gan-an ni aràn kan ń gbà wọlé, tí ó ń lọ mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun.

Ìyẹn kéré. Ẹ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sẹ́yìn ọjà: táìlì ń dán, omi ń yọ, ọṣẹ ń ta sánsán. Ẹ wá fi àgádágodo tì í! Bàbá Ọlábánjí ní, "Ti àlejò ni. Bí gbogbo ọjà bá ń wọ̀ ọ́, yóò bàjẹ́." Àlejò wo? Èmi nìkan! Èmi ń yàgbẹ́ bí ọba, ìyálọ́jà fúnra wọn ń wọ igbó.

Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fi ṣeré. Khàdíjàh, ọmọ ọmọ Alhaja, jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe funfun. A fún un lóògùn, aràn jáde, ó ń sáré kiri. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gbé ike omi. A tún fún un, bákan náà ló rí. Kí ló dé? Igbó ẹ̀yìn ọjà tí ẹ ń yàgbẹ́ sí ló ń fẹsẹ̀ lásán gbà lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ nísọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ni ẹyin aràn ti ń pa. Apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọn omi! Nọ́ọ̀sì Agnes ní bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí bá tún gbẹ, ẹ̀mí rẹ̀ la ó máa bẹ Ọlọ́run fún. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ń san án. Ọlá tí ẹ ṣe fún mi, Khàdíjàh ló ń san án.

Bàbá Ọlábánjí, ọwọ́ ara yín lẹ fi ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀. Ẹ kò fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Àlejò yín ń lọ. Ta lẹ tún ń tì í dè?

Ẹ ní kí ni, sà? Ẹ ní ta ni yóò máa fọ̀ ọ́?

Hẹn, Alhaja ti dìde. Ẹ gbọ́ o! "Ọlábánjí, àbúrò mi, aláta á fọ̀ ọ́ lónìí, aláṣọ á fọ̀ ọ́ lọ́la. Bí o kò bá ṣí i, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ ni gbogbo wa yóò máa wá ṣe é sí!"

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí Bàbá dáhùn. Wọ́n ti ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Wọ́n ní kí Alhaja wá gbà á, àti pé Khàdíjàh ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọlọ́run ṣeun!

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè lọ wàyí. Oúnjẹ tí àwọn ọmọ yín bá jẹ, ara wọn ni yóò lò ó, kò ní jẹ́ ti aràn. Ẹ ò ní fi owó ọjà wá ẹ̀jẹ̀ rà. Èmi náà, lọ́jọ́ tí mo bá padà dé, kí n bá èrò lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, kí ẹ wò mí lójú, kí ẹ ní kí n lọ tò sẹ́yìn.

Ẹ ṣé o.