Ọṣẹ Nínú Àpò Sípánà

Láàárọ̀ ọyẹ́ kan ní Òkìtìpupa, ní ìsọ̀ kan tí mo ti fẹ́ ra àgádágodo, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan àti ìyàwó rẹ̀ ń ṣa irinṣẹ́ àlòkù sínú àpò. Kùrukùru ti bo títì mọ́lẹ̀, ohùn wọn sì ń dún sí mi bí ohùn ojú àlá.

“Kí lẹ fẹ́ fi sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá méjì ṣe?” Ìyàwó ló bèèrè.

“Ọ̀kan máa ń já sínú koríko ni. Èèyàn kì í yan ibi tí ọkọ̀ máa kú sí.”

Ó tún mú pílaìsì àti wáyà. Ìyàwó rẹ̀ bá ju ọṣẹ ìfọṣọ kan sínú àpò náà.

“Ṣé odò ni mò ń lọ ni?”

“Lọ́jọ́ tí táǹkì yín jò lọ́nà, kí lẹ fi dí i? Ṣebí púpurú tí mo dì fún yín láti jẹ ni! Epo sì ṣàn gbá a lọ. Ọṣẹ làwọn awakọ̀ yòókù fi ń dí i.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Mo jẹ èyí tó kù. Ó ń rùn fún bẹntiróòlù.”

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

“Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí mò ń retí yín. Ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ti dún, màá dìde.”

Ọkọ rẹ̀ wo ọṣẹ náà títí, ó sì rọra so ẹnu àpò.

Látọjọ́ náà, èmi tí n kò retí ẹnikẹ́ni, bí ọkọ̀ bá dún lójúde, màá dìde.