Lẹ́tà Tí Mo Fi Di Olorì

Bàbá Ọlábánjí, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin àgbà Ìdẹ̀ra méjì tí ẹ tẹ̀ lé wọn wá, ẹ mu omi tí wọ́n gbé fún yín nísinsìnyí, torí bí ẹ bá ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, bóyá ẹ kò ní lè fi ẹnu kan nǹkan nínú ilé yìí mọ́. Rájí, àbúrò mi, má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti ní kí n dákẹ́. Mo ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́jọ, ìdákẹ́ náà kò sì tọ́jú ẹnikẹ́ni. Dókítà ti sọ fún mi pé àìsàn inú ọmú mi ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ lè gé. Ẹni tí ikú ti dá ọjọ́ fún, ta ni yóò tún bẹ̀rù? Ẹ rìn láti Ìdẹ̀ra dé Zaria nítorí oyè Àrẹ̀mọ. Ẹ ní Kábíyèsí ti wàjà, ẹ fẹ́ fi àkọ́bí rẹ̀ jẹ ẹ́, ẹ sì ní Gàníyù ọmọ mi ni àkọ́bí náà. Ẹ má fi jẹ ẹ́. Irọ́ ni mo fi gba ipò yẹn lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ẹnu mi yìí ni mo sì fi pa irọ́ ọ̀hún lójú yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Olorì kò mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Sábọ̀n Gàrì níbí ni wọ́n bí mi sí. Ará Ìlọrin ni Bẹ̀llò bàbá wa, ṣùgbọ́n Hausa ló yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ní ọdún 1971, mo ń din kósé, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Chikaji. Mo ti pé ọmọ ogún ọdún, mi ò sì mọ̀wé. Ọmọ́níkẹ́ ló kọ́ mi. Tíṣà ni ní Muchia. Ní ọ̀sán Sátidé, ó máa ń kó àwa obìnrin tí a kò rí ilé-ìwé lọ jọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Òun yóò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àwa yóò fi lẹ́ẹ̀dì tọ ojú ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Àwọn ẹgbẹ́ mi kọ́ ọ títí wọ́n fi ní ọwọ́ ìkọ̀wé tiwọn. Èmi ò ní tèmi. Ọwọ́ Ọmọ́níkẹ́ gan-an ni mo ń kọ, débi pé ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní, "Hàwáù, bí ó bá rẹ̀ mí, ìwọ ni wàá máa bá mi máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ." Àbúrò ló ń pè mí. Nígbà tí ibà fẹ́ pa mí, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, òun sùn sórí ẹní. Ẹ má ṣe rò pé mo gbàgbé ìyẹn. Mo rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń ṣe ohun tí mo ṣe.

Ọkọ rẹ̀ ni Ìpàdéọlá, ẹni tí ẹ wá fi jọba. Sítóókípà ni nígbà náà, ní ilé-iṣẹ́ tí mo ń din kósé síwájú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní ọmọọba, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Ó kọ́kọ́ ń ra kósé lọ bí àwọn yòókù. Nígbà tó yá, ó di pé ó ń dúró kí gbogbo èèyàn rà tán kí ó tó rà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1973, ó ti gba yàrá kan fún mi ní Danmagaji. N kò ní sọ pé ó tàn mí. Mo mọ ìyàwó rẹ̀, mo ti jẹun nínú àwo rẹ̀, mo ti pọn Ṣẹ́gun ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo kàn fẹ́ ẹ ni. Láàárọ̀ Sátidé, n ó ti ọ̀dọ̀ ọkọ bọ̀. Lọ́sàn-án, n ó lọ jókòó ti ìyàwó, n ó sì ṣí ìwé.

Ọdún 1975 ni oyè kan ìdílé wọn. Bàbá Ọlábánjí, ẹ̀yin náà lẹ wá sí Zaria láti sọ fún un, ẹ sì ní, "Olorì kan la ó bá ọ mú wọ ààfin. Ẹni tí ìlú mọ̀ ni kí o mú wá." Oyún oṣù mẹ́ta ti wà nínú mi. Nígbà tí ó dé Danmagaji, mo bi í pé, "Èmi ńkọ́?" Ó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí mi, ọṣẹ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ yíjú sí mi. Ó ní, "Àlè kì í gba iwájú ilé wọ ààfin. Máa gbé ibí, n ó máa ránṣẹ́ sí ọ." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ní, "Àfi bí Ọmọ́níkẹ́ bá ṣe ohun tí ìlú kò lè gbà." Ó sì ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ lọ.

Mo kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ kẹta. Mo fi ọwọ́ tí Ọmọ́níkẹ́ kọ́ mi kọ ọ́, mo fi orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ernest ni mo kọ ọ́ sí, ọmọ Iléṣà kan tí wọ́n jọ ń ṣe tíṣà, tí kò ṣẹ̀ mí, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé ìròyìn ló máa ń yá Ọmọ́níkẹ́. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí: "Tò, àwọn àgbà ti dé. Bí wọ́n bá mú wa lọ sí ààfin, Ṣẹ́gun ni yóò di Àrẹ̀mọ, wọn kò sì ní mọ̀ láéláé pé ọmọ rẹ ni." Mo gbé e fún Ìpàdéọlá, mo ní ìyàwó rẹ̀ ló rán mi sí Ernest, pé ọkàn mi ni kò gbà á. Ó kà á. Ó tún un kà. Kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ká a, ó fi sí àpò, ó ní, "O ṣeun."

Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ nígbà tí ó mú un jáde ní pálọ̀ wọn ní Muchia. Ọmọ́níkẹ́ gbà á, ó kà á, ó ní, "Ọwọ́ mi ni, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ ọ́." Bàbá, ẹ̀yin lẹ dá a lóhùn pé, "Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ, ta ló wá fi kọ ọ́?" Ó wò yíká, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ bi Hàwáù. Àbúrò mi ni, inú ilé mi ló máa ń wà. Kò ní parọ́ mọ́ mi." Ẹ ní kí wọ́n lọ gbé Kùránì wá kí n fi búra. Rájí, ìwọ lo sáré lọ gbé e, o kò mọ ohun tí o ń gbé wá fún mi. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti kọ́ á-bí-dí, mo ṣe àlùwàlá. Ẹ gbọ́ mi o, mo fọ ọwọ́, mo fọ ẹnu, kí n tó parọ́. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e, mo ní mo ti bá Ernest nínú yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ́níkẹ́ kò pariwo. Ó kàn ní, "Hàwáù?" bí ẹni tó ń pe èèyàn láti yàrá kejì, tí kò dá a lójú pé ẹni náà wà nílé. Ìpàdéọlá ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ṣẹ́gun, ọmọ ọdún mẹ́fà, di etí agbádá bàbá rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń tú ìka ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Lọ bá bàbá rẹ." Mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ, mi ò sọ ọ́. Ernest fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí; ojú kò jẹ́ kí ó lè dúró ní Zaria mọ́.

Bí mo ṣe di Olorì nìyẹn. Àwọn obìnrin Ìdẹ̀ra ń kúnlẹ̀ fún mi, bí mo bá kọjá tán, wọn a ní, "Olorì oníkósé." Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mo rò pé mo gbọ́n, pé mo fi ọgbọ́n mú ọba. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí Kábíyèsí dùbúlẹ̀ àìsàn, ọkàn mi kò gbà á mọ́, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Mo mọ̀." Mo ní, "Ẹ mọ kí ni, Kábíyèsí?" Ó ní, "'Tò' ni o fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yẹn. Ṣé Ọmọ́níkẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, tíṣà, ni yóò fi 'Tò' bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà bí ọmọ Hausa?" Mo bi í pé kí ló dé tó fi lé e nígbà náà. Ó ní, "Mo ń wá ìdí, o gbé e wá fún mi. Ọmọ́níkẹ́ máa ń bi mí níbi tí mo lọ. Ìwọ kì í bi mí." Ó kọjú sí ògiri. Ọkùnrin tí mo tìtorí rẹ̀ ta ẹ̀mí mi mọ̀ mí ní òpùrọ́ láti ọjọ́ kìíní. Ìgbálẹ̀ ni mo jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń pe ara mi ní ayaba.

Lẹ́yìn tí ó wàjà, tí mo wá gbàtọ́jú níbí, mo lọ sí ilé tí Ọmọ́níkẹ́ tún gbà ní Muchia. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni. Ṣẹ́gun ló ṣílẹ̀kùn, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó jọ Kábíyèsí gan-an. Ó fi Hausa kí mi, kò mọ̀ mí. Ọmọ́níkẹ́ fún mi ní àga. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ta ni mo tún kọ́ ní ọwọ́ mi?" Mo ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ kò sọ?" Ó ní, "Mo sọ. Wọ́n ní ìwọ ti búra." Mo dojú bolẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán. Ó ní, "Bí mo bá sọ pé mo dárí jì ọ́ lónìí, irọ́ ni, irọ́ sì ti pọ̀ jù láàárín wa. Lọ bá àwọn tí o parọ́ fún. Àwọn ni kí o sọ òtítọ́ fún."

Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè yín nìyí. Bàbá Ọlábánjí, ẹ ti dìde. Ẹ ṣe sùúrù, ó ku díẹ̀. Rájí ní mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ti ọmọ mi jẹ́. Gàníyù kò pàdánù ohun tí í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin ilé yìí tí ẹ ń gbọ́ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ọkùnrin bá ní kí ìwọ rí nǹkan ṣe sí ìyàwó òun, mọ̀ pé ó ti rí nǹkan ṣe sí ìwọ náà. Àga tí o bá ti ẹlòmíràn ṣubú kí o tó jókòó sí, kò ní gbóná mọ́ ọ lábẹ́ láéláé. Mo jókòó sí i fún ọdún mẹ́jọ.

Ilé Ọmọ́níkẹ́ kò jìnnà, Bàbá. Ẹ lọ nísinsìnyí. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà, ẹ̀yin náà, torí ó sọ òtítọ́ lójú yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ kò sì gbà á gbọ́. Ẹ pe Ṣẹ́gun ní orúkọ bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá padà dé tí mo ṣì ń mí, ẹ má kí mi ní kí ó pẹ́ lórí oyè. Ẹ ṣáà sọ fún mi bóyá ó jẹ́ kí ẹ wọlé.