Ìyá Dúró Tó Kẹ̀yìn Sí Wa

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, mi ò mọ̀ yín, ẹ ò sì mọ̀ mí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo rò pé ó ti jẹrà tán, àfi bó ṣe tún yọjú lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè jẹun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nítorí ohun tí mo jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni mí, Ìlàrè ni wọ́n bí mi sí. Yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń jọ́sìn ní ìjọ kan tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ bíi tèmi ló pọ̀ jù níbẹ̀: ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, ará Ìgbómìnà. Àwa ọmọ onílùú kò pọ̀ láàárín wọn rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni mo fi ṣe iṣẹ́ ibi mi.

Ìjọ wa ní ẹgbẹ́ òṣèré, a sì ní eré olórin kan tí a máa ń ṣe ní àsìkò Àjíǹde. Búrọ̀dá Fẹ́mi, olùkọ́ kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ló kọ ọ́. Nínú eré náà, ìyá kan wà tó ń jẹ́ Ìyá Dúró. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí lọ sógun, aṣọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n dì wálé fún un. Ìyá náà á wá kọrin: “Ta ni yóò jẹ́ mi bí mo bá pe Dúró?” Orin yẹn gan-an leré. Ẹni tó bá ṣe Ìyá Dúró, òun ni gbogbo ìjọ ń wò.

Èmi ni mo ń ṣe Ìyá Dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ká ọwọ́ lérí, màá rìn wá síwájú pátápátá, màá wá figbe ta títí tí máíkì á fi máa han. Orúkọ “Dúró” yẹn, mo máa ń fà á bí ẹni ń fa okùn kànga. Omi máa ń bọ́ lójú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí kámẹ́rà wà. Àwọn èèyàn á dìde, wọ́n á máa ké halelúyà. Bí mo bá wo fídíò rẹ̀ lónìí, ó ń rí mi lára. Obìnrin tó ń ta ọ̀fọ̀ bí ẹni ń ta ẹja ni mò ń rí.

Lọ́dún kan tí ara mi kò yá, Sista Yẹ́misí, ará Èkìtì, bá mi ṣe é. Ohùn tirẹ̀ dára ju tèmi lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ó ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbirigbiri, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá àga lu ẹni tó ń tẹ dùùrù. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé pé ẹnì kan kú. Mo bá a kẹ́dùn lójú, mo ń yọ̀ nínú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mosún dé.

Agbolé kan náà ni èmi àti Mosún ti jáde ní Ìlàrè. Mo jù ú lọ dáadáa, Àǹtí ló ń pè mí, èmi ni mo sì mú un wá sí ìjọ. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà sí. Nígbà tí ọ̀kadà pa àbúrò mi ọkùnrin, Mosún wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ilé kún fún àwọn tó wá kí wa. Ìyá mi kò sunkún sí ẹnikẹ́ni lójú. Ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó jókòó sílẹ̀, ó ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí, ó sì ń kùn orin lábẹ́nu. Èmi rí i. Mosún náà rí i.

Lọ́jọ́ tí Búrọ̀dá Fẹ́mi ní kí Mosún dán Ìyá Dúró wò, kò wá síwájú. Ó gba dìdì aṣọ náà, ó kẹ̀yìn sí wa, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Orin náà lọ sílẹ̀ débi pé gbogbo wa na ọrùn láti gbọ́. Nígbà tó kan orúkọ ọmọ náà, kò pè é. Ó dákẹ́, ó gbé ẹ̀wù kan símú, ó wá ń bá orin lọ. Ẹnikẹ́ni kò ké halelúyà. Búrọ̀dá Fẹ́mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ún.

Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo rí yẹn. Ó yẹ kí n sunkún. Ìlara ni mo ṣe.

Wọ́n fẹ́ gbé eré náà lọ sí Ìbàdàn lọ́dún yẹn, níwájú àwọn ìjọ mìíràn, àwa mẹ́ta la sì jókòó láti yan ẹni tó máa lọ: pásítọ̀ wa, Búrọ̀dá Fẹ́mi àti èmi. Búrọ̀dá ní, “Sista, ẹ má bínú o, ọmọ yìí ti gbà á lọ́wọ́ yín.”

Mo ní, “Mi ò bínú sà. Àmọ́ èmi ni onílùú. Bó ṣe kẹ̀yìn sí ìjọ yẹn, tó ń ká aṣọ òkú, tó ń kùn, ètùtù ni. Ìdílé kan wà tí wọ́n ti ń ṣe é.”

Pásítọ̀ ní, “Nínú ilé Ọlọ́run?”

Mo ní, “Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ sà.”

Wọn kò wádìí. Àwọn àlejò Ifẹ̀ gbà pé òrìṣà kan wà lẹ́yìn gbogbo ògiri wa. Bí mo bá ní omi mímu lásán jẹ́ ètùtù, wọ́n á gbà mí gbọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó ya ẹnu.

Wọ́n pe Mosún. Pásítọ̀ bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó wò mí. Kò fẹ́ dárúkọ àbúrò mi tó kú níṣojú mi, èmi ló ń rò. Ó ní, “Ilé wa ni mo ti rí i sà.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba tirẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré, wọ́n ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo gbàdúrà kíkankíkan. Òógùn orí rẹ̀ rin mí lọ́wọ́, títí di òní bí mo bá fẹ́ fọwọ́ jẹun, mo máa ń rántí.

Èmi ni mo lọ sí Ìbàdàn. Mosún kò wá sí ìjọ mọ́, kò sì kọrin níbì kankan mọ́. Ẹdúnàbọ̀n ló ń gbé báyìí, ó ń tajà létí títì. Ìyá mi ń béèrè rẹ̀ títí tó fi kú. Mo sọ fún un pé ìgbéraga ti wọ ọmọ náà lẹ́wù.

Lọ́dún yìí, a ti ní pásítọ̀ mìíràn, Búrọ̀dá Fẹ́mi ti fẹ̀yìn tì lọ sí Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní kí n kọ́ ọmọbìnrin kan ní Ìyá Dúró. Ó ṣe é gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń pariwo. Mi ò lè wò ó. Ẹnu mi ló kàn sọ pé, “Kẹ̀yìn sí wa. Máa ká aṣọ yẹn. Má pe orúkọ rẹ̀.”

Ó ṣe é bí mo ṣe wí. Nígbà tó parí, pásítọ̀ ní, “Mọ́mì, níbo lẹ ti rí irú ọgbọ́n yìí?”

Mo ní, “Ẹ̀mí Mímọ́ ló fi hàn mí.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìjọsìn, mo bì.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ sá. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá gba oríyìn.

Ẹnì kan gbé fídíò ìfidánrawò náà sórí Wásáàpù, ó sì dé Ẹdúnàbọ̀n. Mosún fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí. Mo rí fídíò yín, ó dára gan-an. Mo kàn ní kí n bi yín ni. Ṣé kì í ṣe ètùtù mọ́ ni?”

Mi ò tíì dá a lóhùn. Àjíǹde ti ń sún mọ́lé. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún un létí títì, èmi àgbàlagbà, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, àbí kí n dìde níwájú ìjọ níbi tí mo ti tì í mọ́lẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má kàn sọ fún mi pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Kì í ṣe orí Ọlọ́run ni mo gbé ọwọ́ lé.