Pèrègún Ààlà Oko Bàbá Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Wọn kò tíì dá ọjọ́. Mò ń jẹun, mò ń sùn, n kì í sunkún mọ́. Àfi bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n dá ẹjọ́ náà fún.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn àgbà ẹbí pín oko kòkó rẹ̀ sí méjì fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì gbin pèrègún sáàárín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni ẹ̀gbọ́n mi, òun ló máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Odòde. Kò lè sọ̀rọ̀ pẹ́ kó má sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Èmi náà á ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọjà yẹn gan-an ló wà lọ́kàn mi.

Igi kòkó kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Oko ẹ̀gbọ́n mi ni ìdí rẹ̀ wà, ẹ̀ka rẹ̀ kan tẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo ká kòkó mẹ́ta lára ẹ̀ka náà. Kò sẹ́ni tó rí mi. Lọ́dún kejì, mo ká gbogbo igi náà tán. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí òjò dé, mo hú pèrègún mẹ́rin, mo lọ gbìn wọ́n sí ìlà kòkó kejì nínú oko rẹ̀.

Ó rí i, ó sì wá bá mi nílé.

"Àbúrò mi, ta ló sún ààlà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà."

Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé a ò ní gbé oko yìí lọ sọ́run?"

"Bẹ́ẹ bá mọ bẹ́ẹ̀, kí ló wá ń dùn yín?"

"Ó dáa. Màá lọ fi tó Ọlọ́run létí."

Mo sọ lọ́kàn mi pé irọ́ ni, àwọn ẹbí ló fẹ́ lọ fi tó létí. Ẹ̀rù bà mí. Ojú àwọn ẹbí ń tì mí ju ojú Ọlọ́run lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bá a lóko. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi ààlà, ó ń fi àdá gbẹ́ ilẹ̀. Mo rò pé pèrègún mi ló ń hú. N kò kí i, n kò bi í léèrè. Mo fi àdá ọwọ́ mi ṣá a lẹ́yìn ọrùn.

"Àbúrò mi, ìwọ ni?" Ohun tó sọ kẹ́yìn kó tó kú nìyẹn.

Nígbà tí mo yí i padà, mo rí ìdì pèrègún tútù lábẹ́ rẹ̀. Kò hú ọ̀kan nínú tèmi. Ṣe ló ń gbin òmíràn kún wọn, lórí ìlà tí mo fi èrú fà.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàlàyé fún adájọ́ ní Àkúrẹ́. "Ó ní kí n má bínú, pé òun ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún àbúrò òun kí ìjà má baà wọlé. Ó ní ilé wa ò sí níbí." Kò wo ojú mi.

Wọ́n ní àwọn pèrègún náà ti ga báyìí. Kò sẹ́ni tó ń dé oko ọ̀hún mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wo kòkó mẹ́ta. Ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ dá a padà lónìí, kí ẹ sì máa rántí pé ilé ń bẹ lókè tí a ń lọ. Pásítọ̀ tó ń wá wò wá lẹ́wọ̀n ní Ọlọ́run ti dárí jì mí, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni n óò kọ́kọ́ rí lọ́hùn-ún, n kò sì tíì mọ bí n óò ṣe kí i.