Mo Mọ Kẹ̀kẹ́, Mi Ò Mọ̀ Ọ́n Gùn

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìdìbò yẹn dúró ná. Akọ̀wé, jókòó, ọmọ ìyá mi. Mo mọ̀ pé o ti fẹ́ dá a lábàá pé kí n máa ṣe alága ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa lọ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ọlọ́jọ́ ọ̀hún ò jìnnà mọ́. Dókítà gbọ́ àyà mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọkàn mi ń yí bíi kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ ti dẹ̀, pé ó lè já nígbàkigbà. Ẹni tí ṣéènì rẹ̀ fẹ́ já kì í di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn. Ẹrù mi ni mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lónìí, nítorí tí ẹ bá dìbò kí ẹ tó gbọ́ mi, ẹni tí kò sí lẹ máa dìbò fún. Òun rèé: èmi alága yín, mi ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Èmi náà ì bá bá yín rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe pé ẹlòmíràn ló sanwó ẹ̀rín náà.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ á rántí pé ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń gẹrun, la ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló kó wa jọ, obìnrin tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Mọ́tò ló pa àbúrò rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó wá ní ká máa yọ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́nu títí wọ́n á fi ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún oníkẹ̀kẹ́. Ó ní èrò, kò ní ẹnu. Èmi ní ẹnu. Ẹni tí mo bá ń gẹrun fún ò lè sá, dandan ni kó gbọ́ tèmi. Nígbà tí wọ́n ń wá alága, ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ kẹ̀kẹ́?” Mo ní, “Èmi kẹ̀? Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.” Òótọ́ ni mo sọ. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi tà títí ó fi kú. Tí agogo kẹ̀kẹ́ bá dún lẹ́yìn ilé, mo lè sọ irú èyí tó jẹ́. Àmọ́ bàbá mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan gbé ìdí lé e. Ó ní tí kẹ̀kẹ́ bá ti ha lára, ta ni yóò rà á? Mo wá dàgbà láàárín kẹ̀kẹ́ bí ẹni dàgbà létí odò tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo mọ kẹ̀kẹ́. Kò bi mí bóyá mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn. “Gùn” yẹn ló sọnù láàárín àwa méjèèjì, mi ò sì bá a wá a.

Ọjọ́ yẹn náà lẹ ṣòfin pé alága gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ wá sípàdé. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, takisí ló ń gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ mi dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Màá ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, màá dé àṣíborí, màá da omi sọ́rùn kó lè jọ òógùn, màá wá máa mí hẹlẹhẹlẹ, màá ti kẹ̀kẹ́ wọlé. Ẹ̀yin á ní, “Alága, ẹ kú iṣẹ́ ẹsẹ̀.” Èmi á ní, “Òkè yẹn ò dáa.” Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Tó bá ti rí mi tí mò ń fa kẹ̀kẹ́ jáde, á ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ewúrẹ́ yẹn lẹ tún fẹ́ mú rìn jáde?” Lọ́jọ́ tí ẹ bá jọ gun kẹ̀kẹ́ yí ìlú ká, inú mọ́tò iwájú ni mo máa ń wà, tí mò ń fi gbohùngbohùn pariwo pé, “Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀, ẹ gun kẹ̀kẹ́.” Ṣé ẹ ò rí i pé inú mọ́tò ni mo ti ń sọ ọ́? Ẹ rí i, ẹ kàn fẹ́ràn mi ni. Màá máa wò yín láti ojú gíláàsì ẹ̀yìn, atẹ́gùn ń gbé aṣọ yín, Nọ́ọ̀sì ló ń ṣíwájú, ẹ ń pa ara yín lẹ́rìn-ín. Ojú mi á ṣe bíi ti ẹni tó ń wo ilé bàbá rẹ̀ láti òkèèrè, tí kò rí ọkọ̀ wọ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ìjọba ìbílẹ̀ gbà láti la ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti ọsibítù dé ilé ìwé. Nọ́ọ̀sì sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, orí oníbàárà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, ẹ̀yin lẹ máa gun tiyín ṣíwájú, gbogbo ìlú á tẹ̀ lé yín.” Abẹ yẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo fá ẹ̀gbẹ́ kan orí ẹni ẹlẹ́ni. Nọ́ọ̀sì rò pé ayọ̀ ló fà á. Mo gbìyànjú o. Lẹ́yìn ilé, ìyàwó mi di gàárì mú, ó ń sáré, ó ń rẹ́rìn-ín, títí a fi bá mi nínú gọ́tà. Ó ní, “Ẹ lọ sọ fún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, á tán.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Èmi ni ẹ̀rù ẹ̀rín bà ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ.

Ni mo bá gba ọ́fíìsì ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe. Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé Nọ́ọ̀sì wà lójú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ là? Torí ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ló ṣe ń jà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò fẹ́ ẹ.” Ó wò mí, ó ní, “Alága, ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní, “Bí mo ṣe ń wò yín yìí.” Ó ká àwòrán ọ̀nà náà, ó jù ú sínú dúróò. Lóòótọ́ ni ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí mo fi òótọ́ náà ṣe ni irọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n sún un síwájú díẹ̀ ni, kí n ráyè kọ́ kẹ̀kẹ́. Wọn ò sún un, wọ́n pa á tì.

Ọ̀rọ̀ jáde ní ọ́fíìsì yẹn, ó dé gbọ̀ngàn yìí ṣáájú wa. Ẹ rántí ìpàdé náà. Ẹnìkan ní, “Nọ́ọ̀sì, àṣé ẹnu ọ̀nà ilé yín lẹ fẹ́ kí ìjọba bá yín tún ṣe?” Ẹlòmíràn ní, “Àbúrò tó kú ló fi ń wá ojú rere.” Èmi ni Nọ́ọ̀sì kọjú sí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn.” Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo ní, “Ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.” Ẹ̀yin ará, ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Irọ́ ti ọ́fíìsì, ìbẹ̀rù ló sọ ọ́. Ti gbọ̀ngàn yìí, èmi fúnra mi ni. Ó mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni, ó jáde. Láràárọ̀ ló ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, kò ní wo ọ̀tún tí mo wà. Màá dá abẹ dúró, màá máa fetí bá táyà rẹ̀ lọ títí mi ò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Oníbàárà á ní, “Onígbàjámọ̀, ṣé ẹ ti sùn ni?”

Oníbúrẹ́dì, dìde kí wọ́n rí ọ. Rárá, má dìde, ẹsẹ̀ yẹn ò tíì san. Ibi tí ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ì bá gbà gan-an ni mọ́tò ti gbá a lórí kẹ̀kẹ́, búrẹ́dì fọ́n ká títì. Mo lọ wò ó ní ọsibítù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Alága, ẹ ṣeun tí ẹ ń jà fún wa.” Nọ́ọ̀sì ló ń wé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́. Kò gbójú sókè, ó ní, “Ẹ má fara ti bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n, ó ń dùn ún.” Gbogbo ohun tó bá mi sọ láti ọjọ́ ìpàdé yẹn nìyẹn.

Lánàá, mo padà lọ bá ẹnjiníà, mo jẹ́wọ́ fún un bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún yín yìí. Ó bú mi, mo gbà á. Ó ní àwòrán náà ṣì wà, pé tí ẹgbẹ́ bá tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá, àwọn á wò ó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ mi wá. Ètò ọdún tó ń bọ̀ tí akọ̀wé lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn, tó kọ ọ́ sórúkọ mi, iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ni látòkè délẹ̀. Èmi kàn ń fẹnu gbé e kiri ni. Tí ẹ bá ń wá alága, ẹ wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀rín ṣì kéré. Èyí tí mo sá fún ti di egungun ẹlẹ́gungun tó ṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì, mo rí ọ tí ò ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n jókòó, kí n lo oògùn. Iṣẹ́ lò ń ṣe, kì í ṣe pé o ti yọ́nú sí mi. Mo mọ ìyàtọ̀. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí, o ò jẹ mí nígbèsè rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù lẹ́nu mi. Tí wọ́n bá la ọ̀nà yẹn, tí o sì ń ṣíwájú wọn lọ, jẹ́ kí n gbé àga mi sétí títì kí n máa wò yín. Mi ò ní sọ̀rọ̀.